Àpótí Tí Kò Gba Ẹni Tó Ń Mira

Ẹni tí kò bá ní iṣẹ́ kankan láti ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú nìkan ló yẹ kó bi Tíṣà pé kí ni àpótí tó gbé ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Kámẹ́rà ni, yóò wí, òun fúnra òun lòun sì kàn án. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ á di ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Yóò sọ bó ṣe tú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, bó ṣe fi ọ̀dà dúdú kun inú rẹ̀ ní àkúntúnkùn, bó ṣe gé ìdérí agolo mílíìkì, tó sì fi abẹ́rẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń gún aláìsàn lu ihò kan ṣoṣo sí i, ihò tó kéré débi pé èèrà gan-an á kọ́kọ́ rò ó kó tó wọ ibẹ̀. Kò ní dígí lójú. Kò ní bọ́tìnì. Ìmọ́lẹ̀ á kàn rọra gba inú ihò wọlé, á jókòó sórí bébà tó wà lẹ́yìn, bí àlejò tí kò kánjú.

Àìkánjú yẹn gan-an ni wàhálà. Ẹni tí àpótí yìí bá máa yà gbọ́dọ̀ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Kò gbọdọ̀ mira, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, bí eṣinṣin bá sì bà lé e nímú, kó fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Bó bá mira díẹ̀, ojú rẹ̀ á di èéfín. Bó bá mira púpọ̀, kò ní sí nínú àwòrán náà rárá. Àga tó jókòó sí ló máa jáde, kedere, pẹ̀lú ìṣó ìdí rẹ̀. Kámẹ́rà Tíṣà mọ àga yà dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Ayàga.

Àwọn ọ̀rẹ́ yìí náà, ká má parọ́, ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Ní ọjọ́ Sátidé, tí àwọn tí eyín ń dùn bá ti lọ tán, wọ́n máa ń pé jọ sí yàrá ìtọ́jú Dókítà Eléyín, ẹni tí í ṣe alága wọn. Kámẹ́rà Dókítà Eléyín kún kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan bámúbámú, kò sì tíì fi fíìmù sí ọ̀kankan nínú wọn rí, torí ó ní fíìmù máa ń ha inú wọn. Á kàn fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù wọ́n, á gbé wọn sétí, á tẹ bọ́tìnì wọn, á wá dijú bí ẹni tí wọ́n ń kọrin fún. Apòògùn wà níbẹ̀, ẹni tó ra irú kámẹ́rà kan náà mẹ́rin nítorí pé ìlà tí wọ́n fà sábẹ́ orúkọ wọn kò gùn dọ́gba. Télọ̀ náà wà níbẹ̀, òkú kámẹ́rà ni tirẹ̀, ó ń yọ ìfun ọ̀kan fi tún ọ̀kan ṣe, kò sì tíì sí èyí tó jíǹde. Tíṣà nìkan ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kan kámẹ́rà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyẹn ló jẹ́ kó máa fojú pa àwọn tó kù rẹ́. Àwọn náà ń fojú pa á rẹ́ nítorí àga.

Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Dókítà Eléyín jókòó fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ́ lára láti máa bá ẹni tó yanu sọ̀rọ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Àwòrán rẹ̀ jáde láìní àgbọ̀n. Àwọn ọmọ Tíṣà jókòó, bàtà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ nìkan ló jáde. Ìyàwó rẹ̀, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ó jókòó, oorun sì gbé e lọ. Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ sápá ọ̀tún díẹ̀díẹ̀. Tíṣà kò jí i, ó ní ẹni tó ń sùn kì í mira. Nígbà tí àwòrán máa jáde, ìyàwó rẹ̀ ní àgbọ̀n mẹ́ta, kò sì bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ di ọjọ́ Ajé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán ni gbogbo èyí ì bá jẹ́, ká ní kì í ṣe ti yàrá.

Yàrá kan wà láàárín ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀, kò ní fèrèsé, kò sì fẹ̀ ju kí èèyàn nà gbalaja lọ. Ibẹ̀ ni Tíṣà so gílóòbù pupa sí, ibẹ̀ ló to bàsíà omi olóògùn mẹ́ta sí, ibẹ̀ ló ti ń fọ bébà kámẹ́rà kí àwòrán ara rẹ̀ lè yọ. Jọ́gíráfì ni Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Ó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, bó bá sì délé, á tún bẹ̀rẹ̀ látorí odò ọbẹ̀ àti òkè ẹ̀bà tó wà lórí tábìlì oúnjẹ. Inú yàrá yẹn nìkan ni ẹnu rẹ̀ ti ń sinmi. Ó fẹ́ràn ibẹ̀, kì í ṣe díẹ̀. Bí wọ́n bá gba yàrá yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ohun tí òun máa fi ara òun ṣe.

Nígbà náà ni Màmá dé.

Màmá ni ìyá ìyàwó rẹ̀. Akọ̀wé kóòtù ni kó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló fi jókòó níwájú adájọ́, tó ń kọ irọ́ àwọn èèyàn sílẹ̀ láìyí ojú padà. Olè á ní òun kò mọ ọ̀nà ilé tí wọ́n ti mú òun, Màmá á kọ ọ́. Ọkọ á ní ìyàwó òun ló fi etí gbá òun lọ́wọ́, Màmá á kọ ọ́. Ojú rẹ̀ ti wá le bí ògiri tí wọ́n rẹ́. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ó ń dá gbé ilé wọn títí tó fi ṣubú, ni ọmọ rẹ̀ bá lọ gbé e wá. Wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un ní pálọ̀, lẹ́bàá ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, tó ń wo alọ tó ń wo abọ̀. Bí Tíṣà bá gbé bàsíà kọjá, Màmá á ní, "Hùn." Bó bá gbé àpótí rẹ̀ kọjá, "Hùn." Kò sí èébú tó ń dun Tíṣà tó hùn yẹn.

Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi, ìyàwó rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ níwájú gbogbo ilé.

"Dádì, ìyá mi ò lè máa sùn ní pálọ̀ bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Ẹ gbọ́ o. Kí iléèwé tó wọlé padà, kí àpótí yẹn ya èèyàn kan fún mi. Èèyàn o! Ojú méjì, imú kan, kí ẹnu wà níbi tí ẹnu ń wà. Tó bá yà á, yàrá jẹ́ tiyín, mi ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́. Tí ò bá yà á, ẹ da omi yín nù, bẹ́ẹ̀dì Màmá ń wọbẹ̀ lọ."

"Ṣé ìwọ náà ti dara pọ̀ mọ́ wọn?" Tíṣà béèrè.

"Àwọn wo? Èmi tẹ́ ẹ fún ní àgbọ̀n mẹ́ta?"

Láti orí bẹ́ẹ̀dì, Màmá ní, "Hùn."

Tíṣà kò níláti ronú jìnnà. Ẹni tó máa jèrè bí àpótí bá kùnà ló jókòó sójú ọ̀nà yẹn, tó ń dúró de ọjọ́ tí yóò jogún yàrá. Inú bí i débi pé kò kí i dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó kí i ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n má baà sọ pé kò kí i ni.

Ìsinmi ń lọ sópin. Tíṣà ya aládùúgbò, aládùúgbò di èéfín. Ó ya Télọ̀, Télọ̀ húkọ́. Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń kọjá ní pálọ̀, ó rí i tí eṣinṣin bà lé iwájú orí Màmá. Eṣinṣin náà rìn wá sí orí imú, ó jókòó, ó fọ ọwọ́, ó fọ ẹsẹ̀, ó wò yíká, ó fò lọ. Màmá kò ṣẹ́jú. Nínú gbogbo ilé, nínú gbogbo àdúgbò, ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí kì í mira, òun náà sì ni ẹni tó fẹ́ gba yàrá.

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Tíṣà tẹ orí ba.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mà, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ fi bẹ̀ yín."

"Kí n jókòó ni?"

"Ẹ... ẹ̀ẹ́n, mà. Kẹ́ ẹ jókòó."

"Níbo?"

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí oòrùn ti ń ràn sára ògiri funfun. Tíṣà fura sí ìyọ̀ǹda yìí. Ó dá a lójú pé bó bá kù díẹ̀ kó parí, obìnrin yìí máa sín.

Ó gbé àga fún un. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó fi bébà kámẹ́rà sínú àpò bébà nínú òkùnkùn, ó gbé e wá, ó kì í bọ ẹ̀yìn àpótí. Àpò bébà yìí ní pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó bo bébà lójú kí ìmọ́lẹ̀ má baà débẹ̀ lójú ọ̀nà. Bó bá ti wọ inú àpótí tán, wọ́n á fa pátákó náà jáde, ìgbà náà ni wọ́n á tó yọ ìdérí ihò. Gbogbo ẹni tó ń fi irú àpótí bẹ́ẹ̀ yàwòrán ló mọ èyí bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ìyá wọn.

"Màmá, tí mo bá ti yọ ìdérí yìí, ẹ má mira o, ẹ má sọ̀rọ̀, títí màá fi dé e padà."

"Mo gbọ́."

Ó yọ ìdérí. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Màmá jókòó bí ẹni tí wọ́n gbẹ́ mọ́ àga.

Ó yẹ kí Tíṣà dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó wo Màmá, ó sì rí i pé fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí òun ti fẹ́ ọmọ obìnrin yìí, òun lè sọ ohun tó wu òun, kò sì ní lè fèsì. Kò ní lè ṣe hùn gan-an. Adùn ọ̀rọ̀ náà gùn ún.

"Màmá, níwọ̀n bí a ti jọ wà níbí," ni Tíṣà bẹ̀rẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì, "ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi. Hùn yín yẹn, mà, kò dáa. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀, ẹ sọ ọ́. Ẹ tún kó àwọn bàsíà oògùn mi, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n. Ta ló rán yín? Ẹ jókòó sójú ọ̀nà bí ọlọ́pàá tó ń dúró de ajẹgbèsè. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ ń dúró dè. Yàrá mi lẹ fẹ́. Àgbàlagbà bíi tiyín, ẹ wá ń du ihò tí kò ní fèrèsé mọ́ ọkọ ọmọ yín lọ́wọ́! Ṣé ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń rí ara mi? Ẹ ò mọ̀. Ẹ ò béèrè."

Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń na ìka. Ó sọ ti ìgbéyàwó wọn tí Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ti ọjọ́ tí Màmá wo àwòrán àga rẹ̀ tó dáa jù lọ tó wá béèrè pé ẹni tó ni àga náà ń kọ́. Aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Màmá kò mira. Ìgbà tí aago pé, Tíṣà dé ihò náà, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín tó ń dùn ún.

"Ó tán?" Màmá béèrè.

"Ó tán, mà. Ẹ ṣé gan-an."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré wọ yàrá. Ó ti ilẹ̀kùn, ó tan gílóòbù pupa, ó ti bébà náà bọ inú bàsíà àkọ́kọ́, ó ń mì ín jẹ́jẹ́. Bébà náà funfun. Ó mì ín sí i. Ó funfun bíi mílíìkì. Ó fi ojú wá ojú Màmá lórí rẹ̀, kó tiẹ̀ rí èéfín, kó tiẹ̀ rí àga. Kò sí àga! Àpótí rẹ̀ kò tíì pàdánù àga rí. Ó gbé àpò bébà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ gílóòbù. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ náà ṣì wà lójú ibi tó wà, kò tíì kúrò níbẹ̀ rárá. Kò fà á. Inú tó ń bí i àti ọ̀rọ̀ tó ń kóra jọ sí i lẹ́nu ti mú kó gbàgbé. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Apòògùn lọ́dún tó kọjá, Tíṣà sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí Apòògùn fi fẹ́ kúrò lẹ́gbẹ́.

Ó dúró nínú òkùnkùn, ó ń ronú irọ́ tó máa pa. Bébà ti gbó. Oògùn ti bàjẹ́. Oòrùn kò tó. Ṣùgbọ́n ta ló máa pa irọ́ fún ẹni tó fi irọ́ kíkọ sílẹ̀ gbọ́ bùkátà ọmọ? Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Màmá ṣì wà lórí àga.

"Màmá, kò jáde. Mi ò ṣí ojú bébà. Pátákó kan wà tó yẹ kí n fà, mi ò fà á."

Màmá wò ó.

"Ṣé gbogbo ìgbà tó o fi ń bú mi yẹn," ó ní, "kò sí nǹkan tó wọ inú àkọsílẹ̀?"

"Kò sí, mà."

Èjìká Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rù ba Tíṣà, ó rò pé àìsàn ni. Ẹ̀rín ni. Màmá rín títí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀, ó rín títí ó fi di ògiri mú, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Tíṣà kò mọ̀ pé obìnrin yìí ní eyín tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Lọ fi bébà mìíràn sí i," ó ní nígbà tó rí èémí mí. "Kó o wá jókòó."

"Èmi?"

"Ìwọ ni mo ń bá wí. Ṣé wọ́n ní ojú ta ló gbọ́dọ̀ jẹ́? Ojú méjì, imú kan ni wọ́n ní. O ní in. Yọ aago ọwọ́ rẹ fún mi."

Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà ṣe bá ara rẹ̀ lórí àga. Oòrùn ń ta á lójú. Màmá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí pẹ̀lú aago lọ́wọ́.

"Èyí ni wọ́n ń fà?"

"Ẹ̀ẹ́n, mà."

"Mo ti fà á o." Ó gbé pátákó náà sókè kó rí i dájú. "Má mira. Má sọ̀rọ̀." Ó yọ ìdérí.

Ó wo aago náà. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré, kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń ka ìwé ẹjọ́.

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ yàrá? Mo ti yọjú síbẹ̀, ó ń rùn. Ní ilé mi, yàrá mẹ́rin ni mo ní. Tí mo bá kúrò ní ọ̀kan, màá bọ́ sí ìkejì, kò sẹ́ni tí mo máa pàdé níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo ṣubú, àárọ̀ ni. Mo wà nílẹ̀ ilé ìwẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ẹni tó wá ka mítà iná tó gbóhùn mi. Mo sọ fún ìyàwó rẹ pé aládùúgbò ló gbé mi lójú ẹsẹ̀. Irọ́ ni. Má sọ fún un."

Tíṣà fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ahọ́n rẹ̀ ń jà nínú ẹnu.

"Ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún mi ní pálọ̀, ó ní, 'Màmá, ẹ fara dà á.' Kí n fara da kí ni? Àwọn ọmọ ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ tí wọ́n bá ń sáré. Ìwọ náà ń kọjá pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì nídìí, búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ò ń kí mi, itọ́ ń ta sí mi lára. Mo ń dáhùn. Bó o bá gbé nǹkan kọjá, mo ń dáhùn. Kí lo fẹ́ kí n wí? Mi ò mọ orúkọ ohun tó ò ń gbé kiri. Tí mo bá sọ fún ọmọ mi pé mi ò fẹ́ yàrá, á ní torí pé ilé ọkọ òun ni, pé mò ń tijú. Ìdí tí mo fi jókòó fún ọ nìyẹn, tí mi ò jẹ́ kí èémí mi gan-an hàn. Mo fẹ́ kí àwòrán rẹ jáde. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé mi síbi tí mi ò ti ní rí ẹni tó ń kọjá."

Omi gun ojú Tíṣà. Kò lè nù ún. Ó jẹ́ kó máa bọ̀, ó dúró gbọin, ó ń gbọ́. Màmá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ihò náà, bóyá nítorí pé kò sí ẹni tó fún un láyè tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Wọ́n jọ wọ yàrá náà lọ fọ bébà, Màmá ń fi ọwọ́ kan di imú, ó fi ìkejì di Tíṣà léjìká mú nínú òkùnkùn. Bí irú bébà yìí ṣe ń ṣe, ojú kọ́kọ́ jáde lódì, ibi funfun dúdú, ibi dúdú funfun. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ sórí bébà mìíràn, ó wá bọ̀ sípò.

Ìyàwó rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá àwòrán náà lórí tábìlì, omi ṣì wà lára rẹ̀. Ó gbé e sójú fèrèsé. Ojú méjì, imú kan, ẹnu wà níbi tí ẹnu ń wà, ó sì pa dé. Ìlà omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń dán lábẹ́ ojú ọ̀tún. Ó wò ó títí báàgì fi já bọ́ ní èjìká rẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni," ni Tíṣà dáhùn. "Màmá ló yà mí, àwọn ló ń sọ̀rọ̀, èmi ń gbọ́. Yàrá ti di tèmi nìyẹn."

"Ẹ gbé yàrá yín. Mo ní, ta nìyí? Gbogbo ọdún tí mo ti ń gbé pẹ̀lú yín, mi ò rí ojú yìí rí." Ó tún wo àwòrán náà, ohùn rẹ̀ sì yí padà díẹ̀. "Ṣé báyìí lojú yín ṣe máa ń rí tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn?"

Tíṣà bojú wo Màmá.

Ìyàwó rẹ̀ bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti àga kan jáde sẹ́yìnkùlé, ó fi ọwọ́ han ọkọ rẹ̀ pé kó lọ jókòó, ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ wá fi bí wọ́n ṣe ń ṣí i hàn mí. Ẹ sì bá mi wo bébà tó kù nílẹ̀ bóyá á tó, torí ọ̀rọ̀ tèmi pọ̀."